Gbogbo Ẹrù Inú Ọkọ̀ Ló Gbọ́dọ̀ Léfòó

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, tí ẹ ń tẹ fóònù láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ẹni pé iṣẹ́ á já bọ́ láti inú rẹ̀, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi Ràfíù, tí gbogbo etí odò Ògùn lẹ́yìn Ìbafò mọ̀ sí Bàbá Kúdí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, mi ò sì pẹja. Èmi ni mo máa ń di ẹrù ọkọ̀ fún apẹja: àjẹ̀ tó máa fi wà á, ìdákọ̀ró tó máa fi dá a dúró, ìgbọ́nmi tó máa fi gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, okùn, ìjókòó, gbogbo ohun tó ń sọ pákó lásán di ọkọ̀ tí èèyàn lè fi wá oúnjẹ. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé, pé ó sì bọ́ àwọn ọmọ mi yó. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu nínú iṣẹ́ yìí pọ̀ ju ìyẹn lọ, àwọn mìíràn ò sì tíì kúrò lára mi.

Ifọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Omi tí mo mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú kànga lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta pákó ní Ìbafò ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n san, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, nítorí bí mo bá pe owó ìgbà náà létí yín, ẹ ó kàn fi mí rẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀gá mi ni ẹni tí a wá ń pè ní Bàbá Ṣèyí nígbà tó yá. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun ló ti ṣí wá sọ́dọ̀ wa. Ó ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èdè Ìlàjẹ ló sì máa ń sọ bí inú bá ń bí i, èyí ni pé ojoojúmọ́ ni à ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, kò tilẹ̀ fi ibi tí màá gbé àpò mi sí hàn mí. Ó kàn na ọ̀bẹ kan sí mi.

Ó ní, "Jù ú sómi."

Mo wojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ní, "Sà, ọ̀bẹ tuntun ni o."

"Ṣé èmi ò mọ̀ pé ó jẹ́ tuntun ni? Jù ú sómi!"

Mo jù ú. Ó ró pọ́ńkán, ó rì.

"Ọ̀bẹ mi dà?"

"Ó ti rì, sà."

"Lọ mú un wá."

Èmi ọmọ oníkànga, mo wọ inú ẹrẹ̀ dé àyà, mo ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀bẹ títí oòrùn fi kan àtàrí. Mo rò pé wèrè ni wọ́n mú mi wá bá. Nígbà tí mo rí i, Bàbá Ṣèyí gé awẹ́ kan lára sálúbàtà onírọ́bà tó ti gbó, ó dá ihò sí i, ó so ó mọ́ èèkù ọ̀bẹ náà, ó sì ní kí n tún jù ú. Ó léfòó. Ó ń jó lórí omi bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi jẹun títí mo fi dàgbà. Ó ní, "Ohunkóhun tí kò bá lè léfòó, kì í ṣe ẹrù ọkọ̀. Ẹrù ìsàlẹ̀ odò ni."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwa ọmọ iṣẹ́ a máa ká gbogbo agboolé àti orí ààtàn, a máa ṣa sálúbàtà tó ti já. Àwọn ọmọbìnrin Ìbafò máa ń pè wá ní Akó-sálúbàtà, wọn kì í sì í fẹ́ bá wa rìn. A máa ń so awẹ́ sálúbàtà mọ́ ọ̀bẹ, mọ́ ife, mọ́ tọ́ọ̀ṣì, mọ́ àpótí ìwọ̀, àní mọ́ agolo áṣáà ọ̀gá alára. Kò sí ohun tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ jù ú sómi. Bí oníbàárà bá ń bínú pé a ń ba ọjà òun jẹ́, Bàbá Ṣèyí á ní kó máa gbé e lọ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀.

Òfin mìíràn tún wà. Ọ̀gá á fa fìlà bò mí lójú, á gbé mi jókòó sínú ọkọ̀, á mi ọkọ̀ náà títí orí mi á fi máa pòòyì, á wá pariwo pé, "Ọ̀bẹ!" Bí ọwọ́ mi bá lọ kan ìgbọ́nmi, ìkó á ró lórí mi. Ó ní lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, ojú kì í ríran, ọwọ́ ló ń ríran. Nítorí náà, ẹrù inú ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ọkùnrin kan wá láti Ifọ̀, ọmọ ìlú mi, ó fẹ́ ká bá òun kan ibi ìgbé-agboòrùn, ibi ìgbé-rédíò, àti àpótí tí òun á máa kó ìyẹ̀fun àti ata sí. Bàbá Ṣèyí bi í bóyá ẹja ló fẹ́ pa àbí ó fẹ́ ṣí búkà. Inú bí ọkùnrin náà, ó lọ. Ẹnu yà mí, nítorí ọjà ọjọ́ náà ì bá tó wa jẹ fún oṣù kan. Ọ̀gá kàn fín áṣáà rẹ̀ ni.

Ìdákọ̀ró nìkan ni òfin sálúbàtà ò dé. Ọ̀gá máa ń sọ fún wa pé, "Òun nìkan ni ẹrù tí a rà torí pé ó ń rì. Ẹ bẹ̀rù rẹ̀." Imú ọkọ̀ la gbọ́dọ̀ so ó mọ́, a kì í so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, nítorí omi tó ń ṣàn á fi ẹ̀gbẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Okùn tí ọ̀bẹ lè gé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ fi so ó, kókó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wàá fà lẹ́ẹ̀kan tí á tú. Mo ti jẹ ẹgba nítorí kókó tó le jù. Ẹ̀yìn mi ò gbàgbé.

Mo gba ìyọ̀ǹda, mo kọ́ àtíbàbà tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá, ayé sì ń yí lójú wa. Òkúta la fi ń ṣe ìdákọ̀ró tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ létí títì márosẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra àgbá bíréékì ọkọ̀ àjàgbé lọ́wọ́ wọn, irin tó wúwo tó sì dára. Igbá la fi ń gbọ́n omi tẹ́lẹ̀, kó tó di pé a ń gé gálọ́ọ̀nù òróró. Ṣùgbọ́n irin tó dára ni olè pẹ̀lú ń wá. Àwọn tó ń ra irin àlòkù dé, àwọn ọmọ burúkú sì ń wá sí etídò láfẹ̀mọ́júmọ́ wá tú ìdákọ̀ró ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n jí ti ọkọ̀ tí Bàbá Ṣèyí fúnra rẹ̀ fi ń pẹja. Ó ra òmíràn, wọ́n tún jí i. Ó tún ra, wọ́n tún gbé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló dé pẹ̀lú ṣéènì irin àti agádágodo ńlá kan. Ó fi ṣéènì de ìdákọ̀ró mọ́ òrùka tó wà ní imú ọkọ̀, ó sì fi agádágodo tì í pa.

Mi ò lè gbà á gbọ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé ṣéènì ni mò ń wò yìí?"

"Ṣéènì ni. Kí olè wá fi eyín gé e."

"Ọ̀bẹ ńkọ́, Bàbá? Ṣé ọ̀bẹ lè gé e ni?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ràfíù, ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Àwọn àgbà ní ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni. Àárẹ̀ olè ti mú ọ̀gá mi, kọ́kọ́rọ́ agádágodo náà sì wà lára ìṣó nílé, lẹ́bàá ibùsùn ìyàwó rẹ̀.

Àsìkò òjò ni. Odò ti kún, ó pọ́n bí omi osùn. Bàbá Ṣèyí dá ọkọ̀ ró láàárín odò, ó ń fa àwọ̀n. Àwa wà létídò, à ń ṣe iṣẹ́ wa. Ìgbà tí a gbójú sókè, ojúoró ló ń bọ̀ láti apá òkè, kì í ṣe ewé méjì mẹ́ta o, odidi oko ni, igi ńlá kan sì dùbúlẹ̀ sáàárín rẹ̀. Gbogbo wa ń pariwo. Ó gbọ́, ó yíjú, mo sì rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà síbi tí ọ̀bẹ wà, kò wò ó rárá, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wa. Ó gbé ọ̀bẹ sókè, ó gé e. Irin kọ irin. Mo gbọ́ ọ létídò níbi tí mo dúró sí. Ó tún gé e, ó tún gé e, ojúoró sì gorí ọkọ̀, imú ọkọ̀ wọ omi lọ.

Ọkùnrin tó mọ omi wẹ̀ jù létídò wa ni. Igi yẹn ló gbá a. Ọjọ́ kejì la tó rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Àjẹ̀ ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn rẹ̀ ìgbọ́nmi, ife, tọ́ọ̀ṣì, agolo áṣáà, títí kan ọ̀bẹ náà. Gbogbo wọn ń bọ̀ lórí omi pẹ̀lú awẹ́ sálúbàtà lára wọn. Àwọn apẹja ń ṣà wọ́n sínú agbọ̀n kan. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣèyí, dé, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n náà. Kò sunkún. Ó ń mú ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ sálúbàtà ara wọn wò, ó ń dá a padà.

Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Gbogbo ẹrù rẹ̀ ló padà wálé. Ta ló so sálúbàtà mọ́ òun alára?"

Gbogbo ọdún tí mo fi ń ju nǹkan sómi, kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé èèyàn ló ṣe pàtàkì jù nínú ẹrù ọkọ̀, pé èèyàn náà sì máa ń rì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí gbogbo wa sì ń ṣe nìyẹn tí à ń pè é ní ọgbọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó máa ń gbé èèyàn léfòó. Èkó ni mo ti ń rà á. Mo fi wọ́n kọ́ sí iwájú àtíbàbà. Ẹ̀rín ni àwọn apẹja fi pa mí. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ dà bí ẹni tó lọ san àsansílẹ̀ fún pósí. Mo bá ṣòfin pé mi ò ní ta àjẹ̀ fún ẹni tí kò bá ra jákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Wọ́n kùn, wọ́n rà á. Inú mi dùn, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ kan mo ní kí n lọ wo àwọn oníbàárà mi lórí omi. Yéè! Gbogbo wọn ló jókòó lé e! Jákẹ́ẹ̀tì tí mo gbé láti Èkó, ìdí ni wọ́n gbé lé e lórí bí tìmùtìmù. Ọ̀kan tiẹ̀ júwọ́ sí mi tayọ̀tayọ̀, ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ ṣeun o! Ìdí ò ro wá mọ́!" Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n ké. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá ìdí àwọn èèyàn wọ̀nyí jà.

Ṣèyí, ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, dàgbà, ó di apẹja. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò lé ọmọ ẹja kúrò nínú omi? Nígbà tí ilé ńláńlá pọ̀ ní Arépo, tí àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ń kó wá síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja pípa ṣe fàájì ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní ọkọ̀ oníke gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kayáàkì. Ṣèyí ló máa ń mú wọn mọ ọ̀nà odò. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ré kọjá sí ìlú òyìnbó, ó ta tirẹ̀ fún un. Ṣèyí gbé e lé orí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé e wá sílé mi ní Mowé níbi tí mo fẹ̀yìn tì sí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, mo mọ̀ pé ẹ ti sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di í."

Àpò ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrù tó rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀. Mo tú u sílẹ̀, ẹnu mi ò padé. Ibi ìgbé-ife wà níbẹ̀, agboòrùn wà níbẹ̀, àti iná aláwọ̀ mèremère. Mo gbé nǹkan roboto kan sókè.

"Kí nìyí?"

"Sípíkà ni, sà. Bluetooth. Mo lè máa gbọ́ orin lórí omi."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbọ́ ọ ni àbí ẹja?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo kó ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo kó dànù, ẹ má rò pé arúgbó kò mọ ohun tó dára. Ìjókòó tó ní ẹ̀yìn wà níbẹ̀, mo fi sílẹ̀. Okùn tín-ín-rín kan wà tó ń so àjẹ̀ mọ́ ọkọ̀ kó má bàa lọ, mo fi sílẹ̀. Fèrè, kànìnkànìn tó ń fa omi, àpò tí omi kì í wọ̀ fún fóònù, ihò méjì tí wọ́n ń ki ọ̀pá ìwọ̀ bọ̀, gbogbo wọn wúlò. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ẹja abẹ́ omi hàn bí tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ gbé e dànù, ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò lódò tí mo rí ẹja tó ń kọjá, mo kígbe, mo dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo wá dé orí ìdákọ̀ró rẹ̀. Ó kéré, ó ṣeé ká. Okùn rẹ̀ gba imú ọkọ̀ kọjá wá sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ìhà ìparí rẹ̀ sì ní bọ́ọ̀lù kan tó ń léfòó. Ṣèyí ní bí ewu bá dé, èèyàn á kàn já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á lọ, bọ́ọ̀lù á máa ṣọ́ ìdákọ̀ró títí olówó rẹ̀ á fi padà wá. Ìdákọ̀ró tó ní sálúbàtà! Mo di okùn náà mú, mo ń já a, mo ń so ó padà. Ọmọ náà ò mọ ohun tó ń ṣe mí.

"Jákẹ́ẹ̀tì rẹ dà?" mo bi í.

"Ó wà nílé, sà. Ó ń múni gbóná. Àwọn ará etídò á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ṣèyí, wọ jákẹ́ẹ̀tì."

"Bàbá Kúdí, ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Odò kì í kún kó bo ẹja lójú."

"Ìwọ ni ẹja? Ìpẹ́ rẹ dà? Jẹ́ kí n rí i!"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣe "bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà," mo sì mọ irú bẹ́ẹ̀ ni sà yẹn. Bí ó ṣe lọ, mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Mo sọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tuntun náà jáde fún un. Kò sọ ju "mo gbọ́" lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, etídò kún. Gbogbo apẹja fẹ́ wo ọkọ̀ oníke. Ṣèyí ti tì í dé ẹnu omi, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ lásán ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ariwo kàn dákẹ́ lójijì ni. Mo wẹ̀yìn. Ìyá Ṣèyí ló ń bọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òsì. Obìnrin yìí ò tíì fẹsẹ̀ tẹ etídò yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ jáde nínú omi. Ó gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, ó dé iwájú ọmọ rẹ̀, ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ìyá! Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ! Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Rárá o! Èèwọ̀!" Ẹlòmíràn fi ọwọ́ bojú. Ṣèyí dojú bolẹ̀ gbalaja, ẹrẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde! Ẹ má gégùn-ún fún mi, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mi ò gégùn-ún fún ọ. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó bí ọ. Mo tún kúnlẹ̀ lónìí. Wọ ẹ̀wù yìí."

Ó wọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè mú ìdè rẹ̀ wọnú ara wọn. Ìyá rẹ̀ ló bá a dè é, ó fà á le, ó ní kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó fi Ṣèyí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ìyá náà ò lọ sílé. Wọ́n gbé àpótí fún un, ó jókòó, kò jẹun, kò mu omi. Mo jókòó tì í. Oòrùn ràn gan-an lọ́jọ́ náà, òjò ò sì kán rárá. Nígbà tí ọ̀sán ti ń rọ̀, Ṣèyí yọ ní kọ́nà odò, ó ń wa ọkọ̀ bọ̀ jẹ́ẹ́. Ó gbé ẹja àrọ̀ mẹ́ta sókè kí a rí i, àwọn ará etídò sì hó yèè.

Ìyá Ṣèyí ò wo ẹja. Ó dìde, ó lọ gbé ọwọ́ lé jákẹ́ẹ̀tì àyà ọmọ rẹ̀. Ṣòkòtò Ṣèyí ti gbẹ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ ṣe fọwọ́ fún jákẹ́ẹ̀tì náà, omi ń dà jáde lára rẹ̀ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé orí Ṣèyí wú lápá kan.

"O já sómi?" ìyá rẹ̀ bi í.

Ṣèyí wo ìyá rẹ̀, ó wò mí.

Ó ní, "Kùkùté kan ló wà lábẹ́ omi, Màmá. Ó dojú ọkọ̀ dé, ó sì gbá mi lórí. Mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo lajú, mo ń léfòó lórí omi, ojú ọ̀run ni mò ń wò."